Ìdàrọ́ Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Wa àti Ìkòkò Màmá Ìmẹ̀kọ

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, kí n ro ohun tí ojú mi rí ní ọdún tí wọ́n ti ẹnubodè pa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá wá rí i pé èyí gùn, ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ nínú mi ni.

Igo ni mo ń fọ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn ní yàrá ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìlaròó. Mo ń fọ igo, mo ń gbálẹ̀, mo ń wọn nǹkan lórí òṣùwọ̀n, mo sì ń kọ iye tó wọ̀n sínú ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún yín pé nǹkan kan wọn gíráàmù méjìlá, ẹ má wulẹ̀ tún un wọ̀n.

Fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi Kọ́lá ni, láti Ayétòrò. Òun ló jogún ilé iṣẹ́ tí bàbá wa ti ń yọ́ idẹ. Búṣì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rọ jù níbẹ̀, ìyẹn òrùka idẹ tí ọ̀pá ẹ̀rọ máa ń yí nínú rẹ̀. Gbogbo obìnrin tó ń ṣe gàrí láti Ayétòrò títí dé Ìmẹ̀kọ ló mọ ẹnu ọ̀nà wa.

Ẹ̀gbọ́n kò kí mi pẹ́. Ó ní òun ti rí ẹni tí yóò ra ilẹ̀ náà.

Mo ní, "Ilẹ̀ wo?"

Ó ní, "Àbúrò mi, mélòó la ní?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òdìkejì ẹnubodè ni idẹ tí wọ́n ń yọ́ ti ń wá: ẹnu ẹ̀rọ omi àtijọ́, àgádágodo tó ti bàjẹ́, gbogbo èyí tí àwọn alágbàtà ń kó jọ ní Àjàṣẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ẹnubodè, ẹyọ kan kò wọlé mọ́. Ìléru Ẹ̀gbọ́n ti tutù fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ fẹ́ máa ṣe búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, ó sì fún Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti dáhùn. Ó tilẹ̀ ní òun yóò bá wọn kó òkìtì ìdàrọ́ ẹ̀yìnkùlé lọ dí kòtò ojú ọ̀nà.

Òkìtì ìdàrọ́ yẹn! Bí a bá yọ́ idẹ, ìdọ̀tí dúdú máa ń léfòó sójú rẹ̀. A ó fi irin gbá a kúrò, a ó dà á sẹ́yìnkùlé. Ìdàrọ́ nìyẹn. Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá wa ti ń dà á síbẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo ti ń jókòó kàwé nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n pè mí yìí, ó ti ga jù mí lọ.

Mo pa fóònù, mo padà sídìí igo. Mo fọ́ ọ̀kan. Èmi! Ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yẹn, ìgbà kejì nìyẹn.

Ẹnjiníà Lékan gbọ́ ìró rẹ̀. Olùkọ́ ni. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ni. Ó wá kúnlẹ̀, ó ń bá mi ṣa àfọ́kù. Ó ní, "Màmá Dúpẹ́, ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Bóyá nítorí pé ó kúnlẹ̀ ni, mi ò mọ̀, mo ṣáà rò ó fún un. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ òkìtì, ó dẹ́kun àfọ́kù ṣíṣà.

"Ìdàrọ́ idẹ? Ti gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Mà, ta lẹ ní ó fẹ́ fi dí kòtò?"

Ohun tí Ẹnjiníà ń ṣe lọ́dún náà rèé: ó ń fi maikirowéèfù mú ìdàrọ́ ilé iṣẹ́ gbóná, kí ó lè gba irin tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í ki ṣíbí irin bọ inú maikirowéèfù? Ṣe ni iná á máa ta pàrà nínú rẹ̀!

Ṣùgbọ́n ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rí. Ó ní iná ìléru, ìta ló ti ń jó wọnú. Kó tó dé àárín, èédú ti tán. Ti maikirowéèfù kò rí bẹ́ẹ̀. A ó lọ ìdàrọ́ kúnná bí èlùbọ́, a ó pò ó mọ́ lẹ́búlẹ́bú èédú. Èédú yẹn ni yóò mu agbára tó ń jáde lára ẹ̀rọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbóná, láti inú wá sí ìta, títí yóò fi pọ́n bí ẹ̀yinná. Èédú yìí kan náà ni yóò gba idẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìdọ̀tí tó dì mọ́ ọn. Idẹ á wá yọ́, á kó ara rẹ̀ jọ sísàlẹ̀ bí ẹyọ ẹ̀wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gbé maikirowéèfù ilé yín ṣe é o! Ẹnjiníà ti tún inú tirẹ̀ ṣe, ìta gbangba lábẹ́ àtíbàbà ni a sì ń gbé e sí, a ó bo imú, nítorí èéfín idẹ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà símú.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: ìkòkò. Ìkòkò tí a ó dà á sí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí agbára yẹn máa gba ara rẹ̀ kọjá, bí ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà ṣíṣí. Kò gbọ́dọ̀ mu ún. Ẹnjiníà ti ra irú rẹ̀. Kútọnu ló wà, nínú ilé ìkẹ́rù. Ẹnubodè sì ti tì.

Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀gbọ́n mi nìkan kọ́ ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́.

Ní Sátidé, mo lọ sí Ayétòrò lọ bu ìdàrọ́. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ tẹnu mi tán, ó ní, "Maikirowéèfù? Èyí tí wọ́n fi ń gbé jọ̀lọ́ọ̀fù gbóná?"

Mo ní òun ni.

Ó ní, "Bàbá á dìde láti inú sàréè o." Ṣùgbọ́n ó gbé ṣọ́bìrì. Ó bá mi bu ú, ó sì ní kí n yéé dààmú ara mi, pé ìdọ̀tí ni, bàbá wa kì í ṣe òmùgọ̀ tí yóò máa da idẹ nù. Àpò kan ṣoṣo tó lágbára nílé rẹ̀ ni a dà á sí. Àpò ìrẹsì òkèèrè ni. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló ń ro ọ̀rọ̀ àpò?

Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń rò ó! Níbi ìdádúró kejì, wọ́n ní kí a sọ àpò mi kalẹ̀.

"Màmá, kí lẹ gbé?"

"Ìdàrọ́ ni, ọ̀gá."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìrẹsì ni mo kà lára àpò yìí o."

Kí n tó dáhùn, ó ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ọwọ́ náà jáde, ó dúdú kirikiri. Ó wo ọwọ́, ó wò mí. Ó ní, "Màmá, ìrẹsì yín ti jóná."

Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ fún wọn lómi kí wọ́n tún un sè!" Ọkùnrin náà wá bi mí ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe. Èmi tí n kì í purọ́, mo ní mo fẹ́ gbé e sínú maikirowéèfù. Ó yíjú sí awakọ̀, ó ní kí ó yára gbé ìyá yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iná mànàmáná kì í dúró ṣinṣin, jẹnẹrétọ̀ ni a ń lò. Epo sì ti di ohun ọ̀wọ́n, nítorí wọn kò jẹ́ kí epo máa lọ sí agbègbè ẹnubodè mọ́. Kẹ́ẹ̀gì kan ni Ẹnjiníà ní. Ó ní kò lè ju ìgbà mẹ́rin lọ tí a ó fi í tan ẹ̀rọ náà.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìṣaasùn pupa kékeré tí mo rà lọ́jà ni a lò. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a gbọ́ "kẹ́!" Ó là sí méjì. Ìkòkò gbóná débi pé kò ṣeé sún mọ́, ìdàrọ́ inú rẹ̀ kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán ni.

Ẹnjiníà ní amọ̀ pupa yẹn ni. Pupa rẹ̀, ìpẹtà irin ni, ó sì máa ń mu agbára. Ó ní, "Màmá Dúpẹ́, ìkòkò ti jẹ oúnjẹ tí a gbé fún àlejò." Amọ̀ funfun tí kò ní pupa rárá nínú ni a nílò.

Mo ní mo mọ ẹni tó lè mọ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Màmá Ìmẹ̀kọ ni à ń pè wọ́n, nítorí abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìmẹ̀kọ ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n ṣì ń mọ ìkòkò. Ọlọ́kadà gbé mi débẹ̀, ọyẹ́ sì fi eruku kùn mí láti orí dé ẹsẹ̀. Màmá sọ èdè Kétu fún mi, èmi náà fi tiwa dá wọn lóhùn, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe.

Ẹ fọkàn sí ohun tí mo sọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi mọ ìkòkò kékeré mẹ́rin, ti amọ̀ funfun. Kí ó funfun dáadáa. Kí ẹ má fi pupa pa á."

Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, Màmá."

Ó parí. Mi ò sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, mi ò sọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Mo rò ó nínú ara mi pé, ìyá àgbà tí kò ní iná nílé, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé maikirowéèfù fún wọn? Mo tilẹ̀ rò pé àánú ni mo ń ṣe wọ́n!

Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní, "Nílé yìí, a kì í jẹ́ kí ìkòkò jáde láìpa á ní pupa."

Òótọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé amọ̀kòkò, ẹ mọ̀ ọ́n: wọ́n á po ilẹ̀ pupa mọ́ omi, wọ́n á fi pa ìkòkò lára kí wọ́n tó sun ún. Mo ní kí wọ́n ṣáà bá mi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́."

Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọn kò ní àwọn gbà. Èmi tó máa ń ka ẹyọ gíráàmù, mi ò ka ìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ gbé e. Ìkòkò mẹ́rin, wọ́n funfun bí ẹfun, wọ́n dọ́gba bí ẹyin adìẹ. A kó ìdàrọ́ sí ọ̀kan, a tan ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń pọ́n bọ̀! Ẹnjiníà ti ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ìbomú. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹtàlá, ìdí ìkòkò fọ́, ó sì jò. Ìdàrọ́ yíyọ́ dà sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Díẹ̀ ló kù kó bà á jẹ́ pátápátá.

Ẹnjiníà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku. Ó ní, "Ó tán, mà. Amọ̀ funfun náà kò gbà á."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí Ẹ̀gbọ́n dáhùn. Epo tó kù kò ju ti ìgbà méjì lọ.

Mo ṣa àfọ́kù. Mo ní ìwà kan, ohun tó fọ́ pàápàá, mo máa ń wọ̀n ọ́n. Bí mo ṣe gbé ọ̀kan sínú oòrùn, mo rí i: ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, inú rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n sí apá inú, lábẹ́ funfun yẹn gan-an, ìlà pupa kan wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Mo gbé ọ̀kan nínú àwọn tí kò tíì fọ́. Mo fi ọ̀bẹ họ inú rẹ̀. Funfun ṣí, pupa yọjú.

Mo pe Ẹnjiníà wá wò ó.

Pupa yẹn ló kọ́kọ́ gbóná. Ó yọ́, ó lẹ̀ mọ́ ìdàrọ́, wọ́n sì jọ jẹ ìdí ìkòkò. Ẹnjiníà rí i, ó bínú. Ó ní ìyá àgbà ti tàn wá jẹ, kí a wá ẹlòmíràn lọ. Mo ní rárá o. Nínú ọkàn mi, mo mọ̀ pé Màmá kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Bí wọ́n bá ṣe ohun kan, ó nídìí. Ṣé mo sì bi wọ́n ní ìdí? Ṣé mo sọ tèmi?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún gun ọ̀kadà. Mo bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń gún àfọ́kù àtijọ́ tí wọ́n fi ń po amọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo ní, "Màmá, pupa wà nínú ìkòkò yẹn."

Wọ́n ní, "Ó wà níbẹ̀."

"Mo ní kí ẹ má fi sí i."

"O ní kó funfun. Ṣé kò funfun ni? Tòbí ni mo wọ̀ fún un lábẹ́. Ta ló ń wo tòbí obìnrin?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò lè ṣe é kí n má rín in. Àfi bí omi ṣe bọ́ lójú mi. Màmá sọ ọmọ odó sílẹ̀.

"Kí ló dé?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti ìléru tó tutù, ti ẹni tó fẹ́ ṣe búlọ́ọ̀kù, ti òkìtì. Mo sọ ti ẹ̀rọ, bí agbára ṣe ń gba ara funfun kọjá tí pupa sì ń mu ún. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ẹ wá gbọ́, ìyá tí mo rò pé kò ní yé, ìbéèrè ni wọ́n ń da bò mí! Wọ́n ní, èédú yẹn, ti igi wo ni? Wọ́n ní, bí ó bá jẹ́ pé inú ló ti ń gbóná, kí ni kì í jẹ́ kí ooru náà sá jáde? Mo ní a fi nǹkan bí òwú yí i ká. Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní ìyẹn kò tó.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ìdí pupa fún mi. Wọ́n ní nínú ilé àwọn, ìkòkò kan ṣoṣo ni kì í ní pupa: ìkòkò tí wọ́n fi ń sin olóbì ọmọ tuntun, ìyẹn ohun tó ń tẹ̀lé ọmọ jáde nínú ìyá rẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ń lọ, kì í padà, wọn kì í ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ àbúrò mi, o dé pẹ̀lú ojú rírẹ̀, o ní kí n mọ ìkòkò ìhòòhò mẹ́rin fún ọ. O ò sọ ohun tí o fẹ́ sin. Kí ni kí n rò? Mo fi pupa sí i kí ibi má bàa bá ọ délé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ibi tí mo máa fi ojú sí. Oṣù kan gbáko tí mo fi ń dààmú nítorí ìkòkò, ìyá àgbà ń dààmú nítorí mi!

Wọ́n ń fi ìka pa eruku amọ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Idẹ á jáde, àbí? Ìdọ̀tí á kù sínú ìkòkò, ẹ ó sì kó o dànù pẹ̀lú ìkòkò?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Olóbì náà nìyẹn. Ọmọ lẹ fẹ́ gbà. Ìkòkò ìhòòhò ló tọ́ sí i. Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Lójú mi níbẹ̀ ni wọ́n bu amọ̀. Wọ́n fọ ọwọ́ kúrò nínú pupa nígbà mẹ́ta. Wọ́n gún àfọ́kù funfun lọ́tọ̀, nínú odó mìíràn. Ìkòkò méjì ni wọ́n mọ, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan tóbi jù ú lọ díẹ̀. Wọ́n ní kí a ki kékeré sínú ńlá, kí a fi lẹ́búlẹ́bú amọ̀ funfun há àárín wọn, kí ooru má rí ọ̀nà sá. Ọyẹ́ bá wa mú kí wọ́n tètè gbẹ, Màmá sì sun wọ́n. Ọjọ́ keje ni mo gbé wọn dé Ìlaròó, mo gbé wọn lé itan nínú mọ́tò bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Igba gíráàmù ìdàrọ́ ni mo wọ̀n sínú rẹ̀. Ẹnjiníà tan ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú kẹtàlá kọjá, èmi àti òun kò wo ara wa. Ìṣẹ́jú kejìdínlógún, ó pa á. A jẹ́ kó tutù. Ó ní kí èmi fọ́ ọ.

Mo fi òòlù kékeré kàn án. Ìdàrọ́ ti dì bí igo dúdú, ó fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ní ìsàlẹ̀, ohun kan pọ́n, ó ń dán. Ẹyọ kan, ó tó hóró inú àgbálùmọ̀. Gíráàmù mẹ́tàlá.

Ẹnjiníà ń sáré yí jẹnẹrétọ̀ po, ó ń pariwo. Mo kọ́kọ́ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé. Ìgbà tí mo kọ ọ́ tán ni èmi náà tó bá a pariwo.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìdáhùn, mo gbé e lọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fi fáìlì yùn ún díẹ̀, ó gbé e sínú oòrùn, ó sọ ọ́ lu irin. Ó dún. Ó ní, "Idẹ ni." Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó gbé ògúlùtu ìdàrọ́ kan, ó là á pẹ̀lú òòlù. Àmì ofeefee kan wà láàárín rẹ̀, ó kéré bí ojú ẹyẹ. Ó la òmíràn. Ó tún la òmíràn.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Gíráàmù mẹ́tàlá kò lè bọ́ ìléru, epo tí a sì sun lé e kò kéré. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni maikirowéèfù máa jẹ. Kí ó máa fọ́ ọ, kí ó máa fi omi ṣàn án nínú agbada, èyí tó bá wúwo tó rì sísàlẹ̀, kí ó yọ́ ọ nínú ìléru tirẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tí omi kò lè yà sọ́tọ̀ nìkan ni kí ó fi ránṣẹ́ sí wa.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ dé pẹ̀lú téèpù ìwọnlẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Mo ti rò fún Ẹ̀gbọ́n ohun tí Màmá sọ. Ó dúró síwájú òkìtì náà, ó ní, "Ẹ má bínú, ilẹ̀ yìí ṣì lóyún."

Ọkùnrin náà ní, "Ilẹ̀ lóyún?"

Ẹ̀gbọ́n ní, "Kí wọ́n tó bí àbúrò mi yìí ló ti lóyún."

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ó ti rọ búṣì mẹ́ta láti inú òkìtì yẹn. Ó kéré, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n iná wà nínú ìléru nígbà tí wọ́n padà ṣí ẹnubodè, ilé iṣẹ́ bàbá wa sì wà níbi tó wà títí dòní.

Kí ni mo rí kọ́? Àwa tí a kì í sọ̀rọ̀, a máa ń rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Nígbà mìíràn, ìgbéraga ni. Mo ti dá Màmá lẹ́jọ́ pé kò ní yé wọn, mo sì ní ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún wọn. Bí ẹ bá ń bẹ èèyàn níṣẹ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀, bó ti wù kó dàgbà tó, bó ti wù kó jìnnà sí ìwé tó. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni ẹ rò pé kò ní lóye yín rí, tó wá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo máa ka gbogbo rẹ̀, mo sì máa dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, mo yá ẹyọ idẹ náà lọ́wọ́ Ẹnjiníà fún ọjọ́ kan, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo mú un, mo gbé e lọ fún Màmá. Wọ́n yí i lọ́wọ́ títí, wọ́n fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n sìn mí dé ojú ọ̀nà. Ọlọ́kadà ti ṣáná sí ọ̀kadà, mo ti gun ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n tó di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n ní, "Ìkòkò ló yẹ kó dákẹ́, kí agbára rí ibi kọjá. Ìwọ, máa sọ̀rọ̀."